Kí ẹ tó fọwọ́ kan ilé àtijọ́ n'Ífẹ̀: bí a ṣe ń ṣètò àtúnṣe, àti bí a ṣe ń yan ẹni tó máa ṣe é

Ilé tuntun ṣeé dá lówó lé ju àtúnṣe lọ. Ilẹ̀ gbalasa ni bírikìlà bá, ó mọ iye búlọ́ọ̀kù tó máa tò, ó mọ iye sìmẹ́ńtì tó máa pò. Ilé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa jẹ owó jù nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, nínú ògiri, àti lókè àjà, níbi tí ojú kò dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó wo ọ̀tún wo òsì, tó sì dárúkọ iye kan lójú ẹsẹ̀, fi ń padà wá sọ fún yín lọ́sẹ̀ kejì pé owó ti tán. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tó wà nínú ilé náà nígbà tí wọ́n ń dárúkọ iye, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ irú èyí ni kí ó kọ́kọ́ yẹ ilé wò, kí ó kọ iṣẹ́ tó fẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó tó pe oníṣẹ́. Bí a ṣe sábà ń ṣe é ni pé oníṣẹ́ la kọ́kọ́ ń pè. Òun ló máa sọ ohun tí ilé nílò fún wa, òun náà ló máa dá a lówó lé, òun náà ló máa sọ pé iṣẹ́ ti dára.

Ta ló ni ilé?

Ọ̀pọ̀ ilé tó ń fẹ́ àtúnṣe ní Ìrẹmọ, Ìlódè, Mọ́ọ̀rè àti àwọn àdúgbò àtijọ́ yòókù jẹ́ ilé ẹbí. Nínú òfin ìbílẹ̀ wa, tí ilé ẹjọ́ náà ń tẹ̀ lé, owó tí ọmọ ẹbí kan ná sórí ilé ẹbí kò sọ ilé náà di tirẹ̀. Bí ẹ pààrọ̀ òrùlé, bí ẹ kọ́ yàrá mẹ́ta kún un, ilé ẹbí ló ṣì ń jẹ́. Ẹ lè máa gbé ibi tí ẹ tún ṣe, àmọ́ ẹ kò lè dá a tà, ẹ kò sì lè lé àwọn yòókù jáde. Ẹ pe olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan jọ, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí lọ́yà kọ, tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ibi tí ẹ máa lò, àti bí ẹ ó ṣe gba owó yín padà bí a bá ń gba owó ilé níbẹ̀. Ẹni tí kò ṣe èyí lè parí iṣẹ́ tán kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí owó ti wọlẹ̀.

Ti ìjọba kò le. Kíkun ọ̀dà, títẹ́ táìlì, pípààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà kò sábà gba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi yàrá kún ilé, kí ẹ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, tàbí kí ẹ sọ ilé gbígbé di ṣọ́ọ̀bù, òfin ètò ìlú ní kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì mú àwòrán ilé dání.

Yíyẹ ilé wò

Ọjọ́ tó dára jù fún un ni ọjọ́ kejì tí òjò ńlá rọ̀. Ẹ mú téèpù, tọ́ọ̀ṣì, ìṣó gígùn kan, òòlù kékeré, àti ìwé dání.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ ilé n'Ífẹ̀ tó dà bí ilé búlọ́ọ̀kù ló jẹ́ pé amọ̀ ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn bí ògiri ṣe nípọn níbi fèrèsé. Ògiri búlọ́ọ̀kù nine inches tí wọ́n rẹ́ nínú lóde kì í ju ínǹṣì mẹ́wàá sí mọ́kànlá lọ. Bó bá tó ínǹṣì méjìlá sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ amọ̀. Ẹ fi ìṣó gbẹ́ ibi kọ́rọ́ kan. Bí ìyẹ̀fun pupa bá ń dà jáde, ẹ ti mọ̀. Èyí ló máa pinnu gbogbo nǹkan tó kù, torí ògiri amọ̀ kò gba ohun tí ògiri búlọ́ọ̀kù ń gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ sókè. Ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ ti yọ kúrò lára amọ̀. Amọ̀ máa ń wú bí omi bá kàn án, ó máa ń súnkì bó bá gbẹ, sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ó máa lanu. Omi á gba ẹnu ibẹ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́, ẹsẹ̀ ògiri á sì máa rọ̀ bí ẹ̀bà lábẹ́ sìmẹ́ńtì tó dán. Bí bírikìlà bá tún fi sìmẹ́ńtì tuntun bo ojú ibẹ̀, owó yín ló bò mọ́lẹ̀. Ṣe ni kí ẹ gé gbogbo èyí tó bá ń dún kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí ẹ kan wáyà olójú wínníwínní, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ, mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó gígùn, kí wọ́n tó tún un rẹ́. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú èyí tó wáyé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi ti ń wá.

Ọ̀nà mẹ́rin ni omi máa ń gbà dé ẹsẹ̀ ògiri. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè máa já sílẹ̀ nítòsí ògiri tó ń ta sí i. Ilẹ̀ ìta lè ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, pàápàá níbi tí katakata ti da yẹ̀pẹ̀ sójú títì. Páìpù lè máa jò nínú ògiri. Ó sì lè jẹ́ pé omi ń gòkè láti inú ilẹ̀ nítorí pé kò sí náílọ́ọ̀nù DPC, èyí tó ń dí omi ilẹ̀ lọ́nà, lórí ìpìlẹ̀. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ìhà tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi wà. Bó bá jẹ́ ìhà yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló ní ọ̀rinrin, fèrèsé ni ibẹ̀ nílò. Ìwádìí ọjọ́ méjì yìí lè gbà yín lọ́wọ́ rírẹ́ ilé lẹ́ẹ̀mejì.

Ògiri tó sán: ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó fẹ̀ ju mìlímítà márùn-ún lọ, tàbí tó ń gun ògiri bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, ẹ pe ẹnjinníà sí i. Kó tó dé, ẹ fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ lẹ ojú ibẹ̀ bí báńdéèjì, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Bí sìmẹ́ńtì náà bá sán láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ilé náà ṣì ń rìn. Ilé tó ń rìn, ẹ má kun ún, ẹ má tẹ́ táìlì sí i.

Lókè àjà, ẹ gòkè lọ́sàn-án, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ojú ihò páànù á máa tàn bí ìràwọ̀, ẹ kà wọ́n. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì padà, ẹ fi ìṣó gún pákó kọ̀ọ̀kan, pàápàá orí tó jókòó lórí ògiri. Bí ìṣó bá wọlé láìjanpata, ikán ti jẹ ẹ́, páànù tuntun lórí pákó bẹ́ẹ̀ ni ìjì oṣù kẹta máa ṣí kúrò lódindi.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò: ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sílìn asbestos, páálí funfun tàbí eérú tó le, tó sì máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ, wọn kò gbọ́dọ̀ fi òòlù fọ́ ọ. Kí wọ́n wọ́n omi sí i kó rin, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n gbé e wálẹ̀ lódindi, kí wọ́n wé e sínú náílọ́ọ̀nù nínípọn, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Kí ẹni tó ń ṣe é bo imú pẹ̀lú ìbomú gidi, kì í ṣe ìnujú. Kí àwọn ọmọdé kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Oníṣẹ́ tó bá ní "kò sí nǹkan kan níbẹ̀" kò tíì mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn ni.

Ògiri wo ló ṣeé wó?

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí pálọ̀ fẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé amọ̀, ògiri tó dà bí ìdábùú lásán sábà máa ń jẹ́ òun ló gbé igi àjà. Ẹ gòkè àjà kí ẹ wò ó: bí igi òrùlé bá jókòó lórí ògiri náà, tàbí tí igi méjì pàdé lórí rẹ̀, ògiri tó ń gbé ilé nìyẹn. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ògiri ìsàlẹ̀ tó bá wà lọ́gangan abẹ́ ògiri òkè, ẹ má wó o láìsí ẹnjinníà tó ní ìforúkọsílẹ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjinníà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ fèrèsé ni ẹ fẹ́ mú fẹ̀, lìńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré ìdábùú tó ń gbé ògiri òkè fèrèsé, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lókè rẹ̀, kí orí rẹ̀ méjèèjì wọ inú ògiri ní ó kéré tán ínǹṣì mẹ́fà, ínǹṣì mẹ́sàn-án sì dára jù fún ògiri amọ̀. Rọ́ọ̀dù 12 mìlímítà mẹ́rin, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, tí òrùka 8 mìlímítà dì mọ́ra ní ínǹṣì mẹ́jọ-mẹ́jọ, ló wọ́pọ̀ fún fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé kọnkéré díkíìnì lé ogiri amọ̀ láéláé. Igi ni wọ́n fi ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ látijọ́, ìwúwo igi sì ni ògiri náà mọ̀.

Sísọ yàrá ojúkojú di self-contain

Èyí ni àtúnṣe tó wọ́pọ̀ jù ní Lágéré, Pàrákìn, Màyéfẹ́à àti ọ̀nà Ẹdẹ, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU. Àwọn onílé máa ń ro ògiri ilé ìwẹ̀ àti táìlì, wọ́n sì ń gbàgbé ibi tí omi máa gbà jáde. Yàrá mẹ́jọ tó ní ṣalángá kan tẹ́lẹ̀ á wá di ilé ìyàgbẹ́ olómi mẹ́jọ. Ṣalángá kò lè gba omi yẹn. Ẹ nílò tánkì ìgbẹ́ (septic tank) tó ní yàrá méjì, àti sókàwéè lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn kòtò tí omi rẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ibi tí sókàwéè máa wà, ẹ bu omi kún un nírọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lówùúrọ̀, ilẹ̀ náà kì í mu omi, sókàwéè yín á kún nígbà òjò. Àwọn onímọ̀ ìlera ń fẹ́ kó jìnnà sí kànga ní mítà 30. Pulọ́ọ̀tì 50 by 100 kò ju nǹkan bí mítà 15 ní fífẹ̀ àti 30 ní gígùn lọ, nítorí náà ẹ ka kànga aládùúgbò mọ́ ọn, kí ẹ sì fi sókàwéè sí ibi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, kì í ṣe apá òkè kànga. Páìpù ìgbẹ́ ínǹṣì mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ́jú jù, ìgbẹ́ á dúró. Máńhóòlù gbọ́dọ̀ wà níbi tí páìpù bá ti yà. Kò sí bí ẹ ó ṣe ṣí i lọ́jọ́ tó bá dí, bí kò bá sí níbẹ̀.

Gbígbẹ́ ilẹ̀ n'Ífẹ̀ tún ní ohun tí kò wọ́pọ̀ níbòmíràn. Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ Ifẹ̀ mọ́ lónìí. Ní 1957, ilẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ ní Ìta Yemòó tí àwọn mìíràn tún fi jáde. Bí àwọn agbẹ́lẹ̀ yín bá kan ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tò lóòró, orí amọ̀, tàbí idẹ, kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, kí wọ́n má fà á yọ, kí ẹ lọ sọ fún àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́bàá ààfin. Títà á tàbí kíkó o jáde nílẹ̀ yìí láìgbàṣẹ lòdì sófin. Bí wọ́n bá sì fi ṣọ́bìrì fọ́ ọ, ìtàn gbogbo wa ni wọ́n fọ́.

Ìwé iṣẹ́ àti ìṣirò

Ẹ kọ iṣẹ́ ní yàrá-yàrá. "Tún ilé ìwẹ̀ ṣe" kì í ṣe iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè dá a lówó lé dáadáa. "Ògiri búlọ́ọ̀kù six inches, mítà mẹ́ta ní gígùn, mítà mẹ́ta ní gíga, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan, kí a rẹ́ ẹ nínú lóde": iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Mítà mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mítà onígun mẹ́sàn-án. Ẹ yọ ilẹ̀kùn, tó jẹ́ nǹkan bí 1.6, ó ku 7.4. Búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá ló ń lọ sórí mítà onígun kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 74, ẹ ra 80 nítorí èyí tó máa fọ́. Àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀ á tò ó tán. Rírẹ́ ojú méjèèjì á jẹ nǹkan bí àpò méjì. Bí ẹ bá ka èyí tó dà nù mọ́ ọn, àpò mẹ́rin ni. Bí ẹnì kan bá kọ àpò mẹ́wàá, ẹ fọ̀wọ̀ bi í pé kí ó ṣàlàyé. Ó lè ní ìdí, bíi pé ìpìlẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó sì lè má ní.

Ìwé kan náà ni kí ẹ fún oníṣẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n kọ iye sí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè wá fi ọ̀kan wé èkejì nígbà yẹn. Èyí tó kéré jù lọ sábà máa ń yọ nǹkan sílẹ̀: kíkó àwókù dànù, omi tí wọ́n máa fi pò, ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù, àti dídí ojú ògiri tí oníná gbẹ́. Ẹ bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó kọ iye ọjọ́ tí owó náà ṣì máa dúró bẹ́ẹ̀, torí ọjà sìmẹ́ńtì kì í dúró. Ẹ̀yin náà, ẹ ya ìdá 15 sí 20 nínú 100 sọ́tọ̀ fún ohun tí ẹ kò tíì rí, kí oníṣẹ́ má sì mọ̀ pé ó wà.

Ta ni kí ẹ gbé iṣẹ́ fún?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó wà níwájú yín. Ọ̀gá bírikìlà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ àti lébìrà. Kọngílá ń gba iṣẹ́, ó sì ń pín in fún ẹlòmíràn. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, àmọ́ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni: "Ta gan-an ló máa wà níbí lójoojúmọ́?" Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, iṣẹ́ onítọ̀hún ni kí ẹ lọ wò. Fún yàrá kan méjì, ọ̀gá bírikìlà tó dáńtọ́, púlọ́ńbà àti oníná tó. Fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wíwó ògiri tó ń gbé ilé, tàbí fífẹ ilé lójú, ẹnjinníà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ má wo iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ọ̀dà tuntun ń bo ohun púpọ̀. Ẹ ní kó mú yín lọ sí iṣẹ́ tí òjò ọdún méjì ti rọ̀ sí lórí. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri, ẹ wo igun fèrèsé, ẹ da omi sílẹ̀ nílé ìwẹ̀ kí ẹ wo ibi tó ń ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ bá onílé láìsí oníṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè: ṣé ó parí iṣẹ́? Eélòó ni owó fi kọjá ohun tí ẹ sọ, kí ló sì fà á? Nígbà tí nǹkan jò, ṣé ó padà wá? Ìdáhùn kẹta yẹn ni mo gbà pé ó wúwo jù.

Ẹni tí ẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí ọmọ ìyá yín, ẹ lè gbé iṣẹ́ fún un, kí ẹ ṣáà jẹ́ kí ìwé wà. Ìwé kì í ba ẹbí jẹ́, àìkọ̀wé ló ń bà á jẹ́. Kí ìwé àdéhùn ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, onídùúró kan, iṣẹ́ náà bí ẹ ṣe kọ ọ́, ẹni tó máa ra ẹrù, iye ọjọ́, bí owó á ṣe máa jáde, ẹni tó ni rọ́ọ̀dù àti pákó àjẹkù, ẹni tó máa tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe, àti pé ohunkóhun tó bá yí padà, ẹ ó kọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i.

Ti owó: kí ẹ̀yin máa ra ẹrù fúnra yín, kí oníṣẹ́ gba owó iṣẹ́ nìkan, ni mo fara mọ́ jù fún iṣẹ́ kékeré. Ẹ má sanwó lójúmọ́-ojúmọ́ fún iṣẹ́ tó ṣeé wọ̀n. Ojúmọ́ máa ń gùn. Ẹ fún un ní ìdá 20 nínú 100 owó iṣẹ́ láti fi bẹ̀rẹ̀, kí ìyókù máa tẹ̀ lé iṣẹ́ tó ti parí tí ojú rí: ògiri dé òkè, páìpù tí a ti dán wò, rírẹ́ tán, táìlì tán. Ẹ dá ìdá mẹ́wàá nínú 100 dúró.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò bí iṣẹ́ bá ń lọ

Ìlà iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́. Òrùlé ni kó kọ́kọ́ wà, kí òjò má ba ohun tó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ògiri, lẹ́yìn náà páìpù omi àti páìpù wáyà, kó tó kan rírẹ́. Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù n'Ífẹ̀ ni pé wọ́n á rẹ́ ògiri tán, oníná á wá dé pẹ̀lú òòlù, á gbẹ́ ẹ, bírikìlà á tún padà wá dí i, ojú ibẹ̀ á sì máa hàn títí láé. Táìlì, àjà àti ọ̀dà ló ń kẹ́yìn.

Búlọ́ọ̀kù: ẹ gbé ẹyọ kan dé ìbàdí, ẹ jù ú sílẹ̀. Èyí tó dára lè ṣẹ́ létí tàbí kó pín sí méjì, kò gbọ́dọ̀ di yanrìn. Ẹ fi ìṣó ha á lára, bó bá ń dà bí ṣúgà, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ kò tó. Àpò kan tó bá mú ju nǹkan bí 30 nine inches jáde, wọ́n ti nà án jù. Àjọ SON, tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà, ti sọ láti 2014 pé sìmẹ́ńtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 sì ni fún búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré. Ó wà lára àpò, ẹ kà á.

Rọ́ọ̀dù 12 mìlímítà tó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bíi kílò mẹ́wàá àti ààbọ̀. Tọ́ọ̀nù kan kò ju nǹkan bí ẹyọ 94 lọ. Bí wọ́n bá ka 110 fún yín tí inú yín sì dùn pé ó pọ̀, tínrín ni wọ́n tà fún yín.

Pípò ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì. Bárò kò ṣeé fi wọ̀n nǹkan, torí ọmọ iṣẹ́ kan á kún un dé góńgó, ẹlòmíràn á fi ààbọ̀ sílẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ nǹkan bí lítà 35. Ẹ lo bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà 20 lítà tí ẹ bù dọ́gba létí. Fún kọnkéré, àpò kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn mẹ́ta àti ààbọ̀, òkúta méje. Fún rírẹ́ ògiri, àpò kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn méje. Fún títo búlọ́ọ̀kù, àpò kan sí mẹ́wàá àti ààbọ̀. Omi kọnkéré kò gbọ́dọ̀ ju kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan lọ púpọ̀ fún àpò kan. Lébìrà á fẹ́ kí omi pọ̀ kó lè rọrùn láti tì. Omi tó pọ̀ yẹn máa fi ihò sílẹ̀ nínú kọnkéré nígbà tó bá gbẹ, ihò ló sì ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ máa wọ́n omi sí kọnkéré àti ògiri tí wọ́n rẹ́ fún ọjọ́ méje lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi àpò bò ó kó má gbẹ láìtọ́jọ́. Igi abẹ́ díkíìnì kò gbọ́dọ̀ kúrò kó tó pé ọjọ́ 21, ẹni tó wù kó máa kánjú.

Wáyà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná. Wáyà áàtì gbọ́dọ̀ dé ọ̀pá tó wọlẹ̀ gidi. Ìsopọ̀ wáyà kò gbọ́dọ̀ wà nínú ògiri. Tánkì 1000 lítà tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ má gbé e sórí ògiri àtijọ́, ẹ ṣe ìdúró irin fún un tó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀.

Kí wọ́n tó bo páìpù kankan, ẹ dí ẹnu rẹ̀, ẹ bu omi kún un, kó sùn mọ́jú. Kí wọ́n tó tẹ́ táìlì ilé ìwẹ̀, ẹ dí ojú ihò omi, ẹ da omi sẹ̀ǹtímítà méjì sórí ilẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ wo ògiri kejì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo páìpù àti wáyà pẹ̀lú téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí lọ́dún mẹ́ta sí i ẹnì kan á fẹ́ kan ìṣó síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Èkó tàbí òkè òkun lẹ wà, téèpù nínú fọ́tò yẹn kan náà ni ẹ̀rí yín. Fọ́tò tí kò ní ìwọ̀n kò sọ nǹkan kan.

Òjò n'Ífẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó sì ń rọ̀ títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Iṣẹ́ òrùlé àti ìpìlẹ̀ ni kí ẹ ṣe láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Kànga ni kí ẹ gbẹ́ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ jù, torí omi tí ẹ bá bá nígbà náà kò ní tán.

Ìdá mẹ́wàá tí ẹ dá dúró, ẹ má san án lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ilé tán. Ẹ dúró di ìjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, kí ẹ̀yin àti oníṣẹ́ jọ gòkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ gbogbo ògiri, kí ẹ ṣí gbogbo máńhóòlù. Ohun tó bá jò, kó dí i lójú yín, kí ẹ tó ka owó rẹ̀ fún un.